Gbogbo Ohun Tó Wà Nínú Ilé Náà Ló Ń Ṣiṣẹ́

Jazgul ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọwọ́ ò ro ọ́ níbi iṣẹ́ aránṣọ? Ṣé onílé yín ti jẹ́ kí ẹ máa dáná yá yàrá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ níka, kí ó má jẹ́ kí òtútù Bishkek rí ọ̀nà gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ wọlé, kí gbogbo aṣọ tí o bá rán bá ẹni tó rà á lára mu, àmín. Èmi náà wà dáadáa, mo wà dáadáa ju bó ṣe yẹ kí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta wà lọ, ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí àfáà so yìgì wa, mi ò sì tíì lè rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ṣe ni mò ń sáré kiri inú ilé bí ọmọ àgùntàn.

Ọkọ mi kí ọ. Mo tún un kọ, ọkọ mi kí ọ. Ó kàn dùn mọ́ mi láti kọ ọ́ ni. O mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í pe ti bàbá ọkọ tàbí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ, nítorí náà má retí orúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Nígbà tí ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba bi mí pé kí lorúkọ ọkọ mi, mo ní ẹni tó máa ń fetí sí ẹ̀rọ bí ẹni ń fetí sí ọmọ tó ń sùn. Ó ní Màmá, àyè tó wà nínú fọ́ọ̀mù ò tó ìyẹn. Ó bá gba ìwé ìdánimọ̀ ọkọ mi, ó dà á kọ fúnra rẹ̀, mo sì yíjú sí ògiri títí ó fi kọ ọ́ tán.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí yìnyín ti bọ́ sórí òkè. Màlúù tí mo kó wá àti màlúù ọkọ mi ò tíì bá ara wọn rẹ́, wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú láti ìdí kòríko, ṣùgbọ́n lánàá mo rí i pé wọ́n jọ mu omi nínú ọpọ́n kan náà, mo sì mọ̀ pé ó máa dáa. Àwọn obìnrin ìdí kànga ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yìn ò ro ọ́ bó o ṣe ń tẹrí ba fún àwọn àna lọ́jọ́ orí yìí? Mo ní ó ń ro mí, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé wa. O ránṣẹ́ pé o gbọ́ pé wọ́n ní mo parọ́ sínú ìwé, pé wọ́n fẹ́ dá ilé padà fún mi. Ta ló ń sáré gbé ọ̀rọ̀ wá bá ọ ní Bishkek kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ? Jẹ́ kí ìyá rẹ sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá ò dúró gbọ́ ìparí rẹ̀.

O mọ̀ pé èèyàn méjì ló fẹ́ ra ilé tí bàbá rẹ kọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ po gbogbo amọ̀ ilé náà lọ́dún tí mo bí ọ. Ẹni àkọ́kọ́ ni oníṣòwò táyà kan tó wá láti ìlú. Inú mọ́tò ló ti wo ilé, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ní òun máa wó o, òun máa fi ibẹ̀ kó táyà sí. Ẹnì kejì ni Ernis, tíṣà ìṣirò ilé ìwé wa, àti Zeinep ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù méje. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú bàbá àti ìyá Ernis àtàwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta. Zeinep wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́yìn ààrò, ó ní ògiri yìí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní tiyín ni. Jazgul, o mọ̀ pé ilé tí èéfín ò bá jáde lórí rẹ̀ nígbà òtútù kì í gbẹ̀yìn òtútù, òrùlé á rì, ògiri á là, eku á gba ibẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ò ju èyí lọ, kí èéfín Zeinep jáde lórí ilé bàbá rẹ kí yìnyín tó sọ̀ kalẹ̀.

Alágbàtà ilé, ọmọkùnrin kan tí ẹnu bàtà rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, mú ìwé wá. Ó ní ohun tó bá ti bàjẹ́ ò gbọdọ̀ kù nínú ilé lọ́jọ́ tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, pé àwọn tó ń ta ilé máa ń fi òkú ẹ̀rọ sílẹ̀ fún onílé tuntun láti máa kó dànù, ìjà sì ni í dá sílẹ̀. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lè dúró. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lófo ni mo fi ilé náà lélẹ̀. Lófo kẹ̀? Mo bi í pé, ìwọ ọmọ yìí, bí aládùúgbò bá bu ọbẹ̀ fún ìyá ẹ, ṣé òfo ni ìyá ẹ máa ń dá abọ́ padà? Ó ní rárá o, Màmá, wọn a fi búrẹ́dì sí i. Mo ní bí ilé ò bá ní búrẹ́dì ńkọ́? Ó ní wọn a fi ṣúgà sí i, tàbí èso gbígbẹ mélòó kan. Mo ní èwo ló tóbi jù, abọ́ ni àbí ilé? Ó ní Màmá, ilé kì í ṣe abọ́. Mo wò ó, mo ní ó máa dàgbà, ó máa mọ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti kó gbogbo ohun gidi lọ sílé ọkọ. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kó rọ́ọ̀gì, ó kó àwọn tìmùtìmù, ó kó ìkòkò tíì ńlá. Ohun tó kù ni fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣàn. Mo jókòó, mo wọ awò ojú mi, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi kọ ọ́, èmi tí mo ka ìwé girama tán, tí mo gba ipò kejì nínú àròkọ.

Ìwé náà ní, fíríìjì, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Mo rò ó dáadáa. Òótọ́ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òtútù ti kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà inú rẹ̀ ni mò ń kó ìyẹ̀fun sí, eku kan ò sì tíì fimú kan ìyẹ̀fun mi. Ó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, kò gba iná, kò gba oúnjẹ, kò sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́, ṣé mi ò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́? Mo kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Kò yí mọ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé inú agbada rẹ̀ ni mò ń rẹ kábéèjì oníyọ̀ sí, ìdérí rẹ̀ le ju ti ìkòkò èyíkéyìí lọ. Mo kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń parí iṣẹ́ kan. Tẹlifíṣàn, bàbá rẹ ló yọ gbogbo inú rẹ̀ dànù, ó ku àpótí rẹ̀, adìyẹ eléérú sì sàba nínú rẹ̀, adìyẹ tí kò mọ̀ pé òtútù ń bọ̀. Mo kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹyin mọ́kànlá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e kúrò lójú ibi tó wà. Alágbàtà ò kà á. Ó kàn wo ibi tí mo kọ ó ń ṣiṣẹ́ sí, ó tẹ òǹtẹ̀, ó lọ.

Ká tó lọ síwájú, mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọ rí, nítorí ojú ń tì mí. Fíríìjì yẹn ló fún mi lọ́kọ. Nígbà tó kú, mo ránṣẹ́ pe atúnǹkanṣe tó wà ní abúlé kejì, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó wá ní Ọjọ́bọ kan, ó gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, ó fi etí lé ẹ̀yìn fíríìjì, ó pẹ́. Ó ní àìsàn yìí jinlẹ̀. Mo fún un ní tíì pẹ̀lú jáàmù ápríkọ́ọ̀tì, ó mu ife mẹ́rin, kò gba kọ́bọ̀, ó ní òun máa padà wá. Ó padà wá ní Ọjọ́bọ kejì. Ó padà wá ní gbogbo Ọjọ́bọ fún ọdún mẹ́ta, Jazgul, òjò ì bá à rọ̀, yìnyín ì bá à bọ́, á gun òkè wá pẹ̀lú àpótí rẹ̀, á fi etí lé fíríìjì, á mi orí, á mu tíì. Mo rò pé kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní sùúrù tó o. Nígbà ẹ̀rùn tó kọjá yìí ló wá ní fíríìjì yìí ò ní yè mọ́, òkè yìí sì ti ń ga jù fún òun, ṣé mi ò kúkú ní bá òun lọ sílé, kí òun yéé gbé àpótí kiri. Mo ní jẹ́ kí n rò ó. Mo rò ó títí ó fi mu ife kẹta tán.

Ó dáa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Ernis lọ́wọ́. Mo ti bu ìyẹ̀fun kún àwo ńlá, mo gbé e sínú fíríìjì, mo kó kábéèjì kún ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo da àgbàdo síwájú adìyẹ. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ lófo. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Ernis dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní òun ti fíríìjì bọ iná, kò dún. Ó ní Màmá, ẹ kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eku fún un. Tíṣà ìṣirò ni, kò gba ọ̀rọ̀ eku. Kò bú mi o, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bàbá òun ti sọ pé obìnrin tó bá lè purọ́ lórí fíríìjì á purọ́ lórí òrùlé, pé kí wọ́n ya ìwé àdéhùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, oníṣòwò táyà ti gbọ́, ó ti ránṣẹ́ pé katakátá òun ò jìnnà.

Mo sunkún, Jazgul, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo rí ilé bàbá rẹ lójú mi bí òkìtì amọ̀, mo rí táyà lórí ibi tí mo bí ọ sí. Mo ní kí ọkọ mi wá bá mi gbé gbogbo òkú ẹ̀rọ náà dànù, bóyá wọ́n á dárí jì mí, kí n kúkú fi ilé náà sílẹ̀ lófo bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọkùnrin tó máa ń jẹ abọ́ méjì ò jẹ ẹyọ kan. Ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó wọ kóòtù àtijọ́ rẹ̀ kan. Kóòtù yìí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, kò gbà, mo ní kò burú, wèrè kan ń bẹ lára ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká lọ. A bá Ernis nínú ilé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ bàbá, Zeinep jókòó sórí pèpéle ojú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Kò sẹ́ni tó fún wa ní tíì. Ọkọ mi ṣí fìlà. Ó ní kí wọ́n má bínú sí mi, òun ni kí wọ́n bínú sí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù, ó yọ aṣọ kékeré kan, ó tú u. Nǹkan kan wà níbẹ̀, kò tó kóró ápríkọ́ọ̀tì, irin ní apá kan, dúdú ní apá kejì.

Ó ní, “Èyí nìkan ló ṣe é. Mo yọ ọ́ nínú fíríìjì, mo nù ún mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá. Obìnrin yìí wá gbé tíì dé. Mo mu tíì tán, mo rò ó pé bí mo bá dá a padà síbi tó wà, kò ní sí ohun tí màá tún wá ṣe níbí mọ́.”

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó fi nǹkan náà sí àyè rẹ̀, ó ti okùn iná bọ ògiri. Kò dún. Mo ní Ọlọ́run mi. Lẹ́yìn náà ni fíríìjì húkọ́ bí bàbá àgbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó mì tìtì, ìyẹ̀fun bò wá lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ń kùn, Jazgul. Ó ń tutù.

Bàbá Ernis ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú, ó ní ọdún mẹ́ta, nítorí tíì, ìwọ ọkùnrin yìí, fíríìjì opó mélòó ni nǹkan inú wọn ṣì wà lápò ẹ? Ọkọ mi ní ẹyọ kan ṣoṣo ni. Èmi? Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ ọn ni tàbí kí n gbá a. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń so bọ́tà mọ́ okùn sọ sínú kànga! Ọdún mẹ́ta ni wàrà fi ń kan mọ́ mi lọ́wọ́! Mo tú ìborí mi, mo fi nà án lẹ́ẹ̀mejì léjìká, èyí tí kò yẹ kí ìyàwó tuntun ṣe níwájú àlejò, ó sì dúró gba méjèèjì tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó wá ní òun máa gbé àwọn méjì tó kù lọ, nítorí àwọn ìyẹn kú lóòótọ́, kò sí wọn lápò òun. Ìgbà náà la wẹ̀yìn, a rí i pé Zeinep ti kúrò lójú fèrèsé. Ó ti ṣí ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ kábéèjì, omi iyọ̀ ń ro mọ́ ọn nígbọ̀nwọ́. Ó ní láti oṣù kẹta oyún yìí ni òun ti ń wá nǹkan yìí, òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, “Èyí ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e á gbé mi mọ́ ọn.” Ernis bá tẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́ láti fagi lé ìyẹn, ó kéré tán, kí ìṣirò lè jáde. Adìyẹ sọ ọ́ níka. Ó dẹ etí. Ohùn kékeré kan ń ké láti abẹ́ adìyẹ náà, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó ní òun ò lè kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ohùn ń jáde nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n se tíì, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi atúnǹkanṣe sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ìkòkò tíì náà.

Ní Ọjọ́rú mo lọ dúró ní kọ́nà òpópónà, ibi tí a ti máa ń rí òrùlé wa. Èéfín ń jáde, ó ga, ó tọ́. Mo bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ọkọ mi sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹṣin, kò yọ mí lẹ́nu. Ní àárọ̀ yìí ni yìnyín sọ̀ kalẹ̀. Zeinep sì dá àwo ńlá tí mo fi ìyẹ̀fun sí padà, búrẹ́dì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì gbóná, ààrò bàbá rẹ ni wọ́n ti yan án. Alágbàtà ní ilé kì í ṣe abọ́. Kí ó wá wò ó.

Nítorí náà fọkàn balẹ̀ níbi tí o wà, má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá ń bẹ̀ ọ́ fún ni owó díẹ̀ fún ṣúgà, torí ọkọ mi ń fi hóró mẹ́rin mu ife kan, o sì ti mọ iye ife. Ṣùgbọ́n má fi gba inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báǹkì mọ́, fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì kí ó mú un bọ̀. Ìgbà tí o fi gba ibẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀rọ náà na owó sí mi tọwọ̀tọwọ̀, mo gbà á, mo dúpẹ́, mi ò wá lè fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lófo, mo fi ápríkọ́ọ̀tì gbígbẹ mẹ́ta sí i. Ẹ̀ṣọ́ báǹkì sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tí kò ní ìyá. Ó ní ẹ̀rọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bá mi rán kóòtù tuntun fún ọkọ mi náà, kí ó nípọn, kí ó gùn dé orúnkún, ó ga bí bàbá Ernis ṣùgbọ́n ó tínrín jù ú lọ. Má fi àpò inú sí i.

Rédíò ilé yìí ti dákẹ́ láti àárọ̀. Ọkọ mi fẹ́ gbé àpótí lọ sí abúlé òkè lónìí, ṣùgbọ́n kò lè fi rédíò tó ń ṣàìsàn sílẹ̀, ó ti fi etí lé e, ó ní àìsàn yìí jinlẹ̀. Mo ní kó rọra. Tíì ti ń hó, yìnyín ń bọ́, nǹkan kékeré kan sì wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù mi tí kò tó kóró ápríkọ́ọ̀tì. Màá dá a padà lálẹ́, tàbí lọ́la.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí á gun òkè wá bá ọ ní gbogbo Ọjọ́bọ, Jazgul mi. Kí ó má jẹ́ kí abọ́ rẹ ṣófo ní lílọ, kí ó má jẹ́ kí ó ṣófo ní bíbọ̀. Wá kí wa kí òtútù tó tán.

Èmi ni ìyá rẹ, Toktobubu, ìyàwó tuntun.